Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọ̀dọ́ tó Fẹ́ Ra Síkì Fífẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi obìnrin pè mí láti Denver. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Dádì Utah, mo ti kó owó jọ. Síkì tó fẹ̀ jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ rà, irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin ń wọ̀." Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kílò mélòó ló wọ̀n? Irú yìnyín wo ló máa ń bá pàdé jù? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń gun òkè lọ́dún kan? Ọmọ náà dákẹ́. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta síkì náà, ó mọ àwọ̀ rẹ̀, ó mọ orúkọ gbajúmọ̀ tó ń polówó rẹ̀, àmọ́ kò tíì bi ara rẹ̀ ní ọ̀kankan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn. Ìdákẹ́ rẹ̀ ló mú mi jókòó ti bébà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín tí ẹ ń gbé níbi tí yìnyín ti ń já bọ́, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti London lọ sí òkè Alps lọ́dọọdún.

Ìgbà òtútù kọkànlélọ́gbọ̀n mi rèé ní ìpínlẹ̀ Utah. Ẹni tó bá ti Salt Lake City gbéra kò ní í wakọ̀ tó wákàtí kan tí yóò fi dé Alta, nínú àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Little Cottonwood Canyon. Yìnyín tó ń já bọ́ níbẹ̀ lọ́dún kan máa ń lé ní mítà 12. Ní ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tó sì parí ní 2023, íǹṣì 903 ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 23, ó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Níbẹ̀ náà ni mo ti ṣe àṣìṣe tí orúnkún mi ò tíì gbàgbé.

Àwọn kan á sọ fún yín pé eré òyìnbó ni, pé kò kàn wá. Ẹ má fìyẹn ṣe. Ní 2018, ní PyeongChang ní Kòríà Gúúsù, Ṣeun Adigun wa ọkọ̀ bobsled fún Nàìjíríà. Simidele Adeagbo náà dojú bolẹ̀ lórí skeleton, ọkọ̀ kékeré tó ń yọ̀ lójú yìnyín, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdíje Òlíḿpíìkì. Yìnyín ò mọ ìran ẹni. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe wúwo tó àti bí a ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ síkì fífẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìbú ń ṣe

Ohun tí àwa tí a ń wọ síkì ń pè ní páúdà ni yìnyín tó bọ́ nígbà tí òtútù mú gan-an, tí oòrùn ò tíì yọ́, tí atẹ́gùn ò tíì gbá mọ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ ò sì tíì tẹ̀. Ó rí lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ajọ̀ jọ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, á fò lọ. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ mú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Bí omi bá kún inú rẹ̀, omi náà á wọ̀n tó kílò 1,000. Bí páúdà tuntun ló bá kún inú rẹ̀, ó lè máà tó 100. Ẹni tó bá fi bàtà lásán wọ inú rẹ̀ á rì dé ìbàdí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹ mú ọkùnrin kan tí òun àti ẹrù ara rẹ̀ jẹ́ kílò 80. Bí bàtà síkì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì fẹ̀ tó 9, tó bá dúró lórí bàtà méjèèjì, nǹkan bíi gíráàmù 148 ni yóò máa tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lójú yìnyín. Kó wá wọ síkì tóóró tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 170, tí ìbú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn já sí 9 bí a bá pín in dọ́gba. Gíráàmù 148 yẹn á wálẹ̀ di 26. Kó bọ́ sórí síkì fífẹ̀ tó gùn tó 185, tí ìbú tirẹ̀ já sí 13. Á di gíráàmù 17. Bó ṣe kúrò lórí tóóró bọ́ sórí fífẹ̀ yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń tẹ yìnyín ti fò lọ. Òṣíbàtà tó ń lékè odò, ewé rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ wá wo ọmọ àbúrò mi. Òun àti ẹrù rẹ̀ kò ju kílò 55 lọ. Bó bá wọ síkì tóóró tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wọ̀, gíráàmù 18 péré ni yóò máa tẹ yìnyín. Ẹ gbọ́ mi yé o: lórí síkì tóóró, ọmọbìnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ lójú yìnyín tó ọkùnrin tó wọ síkì fífẹ̀. Kí ló wá fẹ́ fi èyí tó fẹ̀ jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ṣe? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá gbẹ́ ìtẹ́ ọ̀yà, òtútù ni yóò pa á nínú rẹ̀.

Ìṣirò yìí kò tíì ka eré mọ́ ọn. Bí síkì bá ń sáré, yìnyín á máa gbé e sókè bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi lè wọ síkì tóóró la páúdà kọjá, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì lè rì lórí èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni

Ẹ má rò pé àwọn ọlọ́jà òde òní ló dá síkì fífẹ̀ sílẹ̀. Ní 2014, yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè Digervarden ní Nọ́wè tú síkì igi kan síta. Ní 2021, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èkejì rẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Nǹkan bí 1,300 ọdún ni méjèèjì ti wà nínú yìnyín. Síkì kejì yìí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 187, ó sì fẹ̀ tó 17, ìyẹn mìlímítà 170. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò rí ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ tẹ́ rí láyé rẹ̀. Lórí òkè Altai, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, àwọn èèyàn kan ṣì ń gbẹ́ síkì onígi tó fẹ̀ títí dòní. Wọ́n á fi awọ ẹṣin bo abẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀ wọ́n sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè.

Ìgbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè dé, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá tẹ ojú ọ̀nà le, ni síkì tín-ín-rín gbòde. Nígbà tí mo dé Utah, síkì tó gùn tó mítà méjì, tí àárín rẹ̀ ò tó mìlímítà 70, ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Ní ọjọ́ páúdà, à ń rì, à ń jà, à ń làágùn nínú òtútù. Síbẹ̀, ọkùnrin ará Austria kan, Rupert Huber, ti rí ohun tí a ò rí. Ó wo snowboard, ó rí bí pátákó fífẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ń léfòó. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni síkì fífẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Atomic, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Fat Boy, wọ ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ fojú ẹ̀gàn wò ó. Àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ń rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, lórí àwọn òkè tí hẹlikópítà ń gbé èèyàn lọ ní Kánádà.

Shane McConkey, gbajúmọ̀ kan láàárín àwọn tó ń wọ síkì, ló wá tẹ̀ síwájú. Síkì tí wọ́n fi ń sáré lórí omi ló wò. Ó rí i pé páúdà jọ omi ju bó ṣe jọ ilẹ̀ líle lọ, bẹ́ẹ̀ síkì tí gbogbo ayé ń wọ̀ tẹ̀ bí ọrun, àárín rẹ̀ gbé sókè, iwájú àti ìdí rẹ̀ ń wolẹ̀. Ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Nínú síkì Spatula tí ilé iṣẹ́ Volant bá a ṣe, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2002, iwájú àti ìdí ló gbé sókè bí orí ọkọ̀ apẹja, àárín rẹ̀ sì fẹ̀ ju méjèèjì lọ, ó tó mìlímítà 125. McConkey kú lórí òkè Dolomites ní Ítálì ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2009. Ọgbọ́n rẹ̀ ṣì wà lára síkì páúdà tí ẹ ń rí lónìí. Ìgbésókè iwájú yìí ni wọ́n ń pè ní rọ́kà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wo ìbú nìkan. Ẹ gbé síkì náà sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ibi tó ti kúrò nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Síkì tí àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 105, tí iwájú rẹ̀ gbé sókè dáadáa, lè lékè páúdà ju èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ 110, tí iwájú rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, lọ.

Ohun tí ojú mi rí

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ sì sọ fún mi pé bí síkì bá ṣe fẹ̀ tó ni adùn rẹ̀ ń pọ̀ tó. Mo ra èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 122. Ọjọ́ àkọ́kọ́, yìnyín jìn dé orúnkún, n kò sì lè ṣàpèjúwe ayọ̀ mi. Mo ń fò lójú òkè bí ẹni pé n kò ní ẹrù lára. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, òjò yìnyín ò bọ́ mọ́. Ojú òkè le bí kọnkéré. Èmi ò bọ́ síkì náà, mo ń wọ̀ ọ́ lọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, nítorí owó ńlá ni mo fi rà á.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúnkún nígbà yẹn. Lórí ilẹ̀ líle, etí irin síkì ni a fi ń gé yìnyín kí a tó lè yí. Bí àárín síkì bá jẹ́ 70, etí yẹn jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ wa ní mìlímítà 35. Bó bá jẹ́ 122, ó jìnnà ní 61. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ síkì sí ẹ̀gbẹ́, yìnyín líle ń ti etí yẹn padà sókè, ó sì ń fẹ́ lọ́ ẹsẹ̀ wa láti ìsàlẹ̀. Bí ibi tó ń tì bá ṣe jìnnà tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó, bí ìgbà tí a fi ọ̀pá gígùn hú òkúta. Ọrùn ẹsẹ̀ ò lè lọ́ nínú bàtà síkì tó le, orúnkún ló ń gba ìyà náà. Tèmi wú. Dókítà ní kí n jókòó sílé fún oṣù méjì, oṣù méjì tó sì dára jù lọ lọ́dún náà ni.

Mo ti ń wọ síkì bọ̀ fún ogún ọdún kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n wọ̀. Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Síkì 122 lórí yìnyín líle, iyán ewùrà ni. Bí ọwọ́ ẹni ti lè wù kó dáa tó, kóókó á wà níbẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe yàn án

Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ óò rí lára síkì: ìbú iwájú, ìbú àárín àti ìbú ìdí. Ti àárín, ibi tí bàtà ń jókòó lé, ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Bí mo bá ní "síkì 100", mìlímítà 100 ni àárín rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gun ìwọ̀n pẹ̀lú bàtà, aṣọ òtútù àti àpò ẹ̀yìn yín. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó kílò 60, síkì 98 sí 106 á gbé yín nínú páúdà tó jìn. Bó bá wà láàárín 60 sí 85, ẹ wá èyí tó wà láàárín 105 sí 114. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ lè dé 118. Àwọn tó lé ní 120, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí hẹlikópítà ń gbé gun òkè, tàbí ẹni tó ń gbé níbi tí yìnyín tuntun ti ń bọ́ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo yìnyín ibi tí ẹ wà. Yìnyín ò rí bákan náà níbi gbogbo, àní bí ilẹ̀ àkùrọ̀ àti ilẹ̀ yanrìn ò ṣe rí bákan náà fún àgbẹ̀. Ní Niseko, ní erékùṣù Hokkaido ní Japan, atẹ́gùn tútù láti Siberia ń fa omi lójú òkun, ó sì ń dà á sórí òkè ní páúdà, bíi mítà 14 lọ́dún. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ ní oṣù Kìíní, kó mú èyí tó fẹ̀ dání. Yìnyín Utah gbẹ, ó fúyẹ́, àmọ́ oòrùn ibẹ̀ mú, páúdà òwúrọ̀ kì í pẹ́ di ojú títẹ̀. Ní òkè tó súnmọ́ òkun Pàsífíìkì, ní California àti Washington, yìnyín wúwo, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Síkì tó fẹ̀ díẹ̀ tó sì le, tí kò gbọ̀n, ló dára níbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Vermont àti àyíká New York, ẹ sọ òótọ́ fún ara yín: ilẹ̀ líle ni ẹ ń bá pàdé jù, 85 sí 95 ni ọ̀rẹ́ yín. Tí ẹ bá ti London ń lọ sí Alps fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún, ẹ má ra síkì páúdà rárá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án irú yìnyín tí yóò wà ní oṣù Kejì. Ẹ yá a níbẹ̀ ní òwúrọ̀ tí páúdà bá bọ́, kí ẹ dá a padà nírọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá lè ra ẹyọ kan péré, tó sì ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ dáadáa bíi Utah tàbí Colorado, kó máà kọjá 100 sí 104. Á gbé e ní ọjọ́ páúdà, kò sì ní í pa orúnkún rẹ̀ lára ní ọjọ́ tó kù. Ọjọ́ tó kù yẹn ló sì pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ gígùn ńkọ́? Síkì tó ní rọ́kà, ibi tó ń kan ilẹ̀ kéré sí gígùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè mú èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá gùn ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lórí ilẹ̀ líle. Èyí tó ga dé orí yín tàbí tó fi díẹ̀ jù ú lọ dára fún ẹni tó ti mọṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ páúdà, kó mú èyí tó ga dé imú rẹ̀, nítorí nínú igbó tí igi ti pọ̀, síkì gígùn á ṣòro yí.

Ẹ má gbàgbé báíńdìn, ìdè tó ń di bàtà mú. Bíréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àárín síkì lọ díẹ̀, kó má sì fi ju mìlímítà 15 lọ. Bó bá tóóró, kò ní í lè sọ̀ kalẹ̀ dí síkì tó bọ́. Bó bá fẹ̀ jù, á máa gbo ilẹ̀. Nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí bàtà yóò fi já kúrò nínú ìdè bí ẹ bá ṣubú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣètò rẹ̀. Yóò bi yín ní ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara àti gíga yín, yóò sì wọn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín. Ẹ má parọ́ fún un. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní akọni níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi ṣe ẹ̀rí.

Bí owó yín ò bá tó nǹkan méjì, ẹ kọ́kọ́ ra bàtà. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu lórí síkì àyálò sàn ju síkì olówó gọbọi lọ lábẹ́ bàtà tó ń fún ọmọ ìka. Ẹ dán síkì méjì tàbí mẹ́ta wò kí ẹ tó san owó. Ìparí ìgbà òtútù, oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ni iye wọn máa ń wálẹ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi ọwọ́ tọ etí irin rẹ̀ láti iwájú dé ìdí bóyá ó ti sán, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ihò ti dé ibi igi, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń là. Kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá wọ́n ṣì ń gbà láti tún báíńdìn orí rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá ti gbó jù, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kàn án.

Nínú páúdà

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má fi ara sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa okùn. Itan yín á jó, ẹ ò sì ní í lè yí. Ẹ dúró sí àárín, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba bí ẹni pé pátákó kan ṣoṣo ni, ẹ jẹ́ kí síkì sáré díẹ̀ kó tó léfòó. Ẹ so ọ̀já aláwọ̀ títàn tó gùn mọ́ síkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki í bọ inú sòkòtò, nítorí síkì tó bá bọ́ nínú páúdà á rìn lábẹ́ yìnyín láìsí ẹni tó rí i. Bó bá sọnù, ẹ gòkè díẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ṣubú kí ẹ máa fi ìdí síkì kejì gé yìnyín ní ìbú òkè.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Síkì fífẹ̀ á gbé yín dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò lè dé tẹ́lẹ̀. Kò ní í sọ fún yín bóyá ibẹ̀ dára láti dé. Òkè tó dagun níwọ̀n dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti máa ń ya lulẹ̀ jù, òun náà sì ni òkè tó dùn jù láti sáré lórí rẹ̀. Ní Utah, Utah Avalanche Center máa ń kéde bí ewu ṣe tó láràárọ̀ ìgbà òtútù, láti orí 1 dé 5. Ẹ kà á kí ẹ tó mu tíì. Ẹ má kọjá okùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ta. Bí ẹ bá máa jáde kúrò ní àgbègbè wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ránṣẹ́ láyà rẹ̀, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wò, àti ṣọ́bìrì. Kí ẹ sì ti kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n, nítorí ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ìrètí rẹ̀ ń já wálẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó máa ti ìsàlẹ̀ òkè gòkè wá gbà á láàárín àkókò yẹn. Ẹnìkejì yín ni.

Ìdí igi ńlá náà ní ewu. Ẹ̀ka igi kì í jẹ́ kí yìnyín kún ìdí rẹ̀, kòtò ń wà níbẹ̀ tí ojú ò rí, ẹni tó bá fi orí wọ ibẹ̀ kì í sábà lè dá jáde. Ẹ má dá wọ inú igbó. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa wà lára ara yín, kì í ṣe kí ẹnì kan ti dé ìsàlẹ̀ kó tó bèèrè èkejì.

Ọmọ àbúrò mi ti lọ dán síkì mẹ́ta wò. Ọjọ́ Àìkú ló pè mí padà. Síkì 102 ló mú, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 168, owó tó ṣẹ́ kù sì ti di ẹ̀rọ àyà, ọ̀pá àti ṣọ́bìrì. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lórí yìnyín tó ń ya. Inú mi dùn sí i ju bí inú rẹ̀ ṣe dùn lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara síkì ọ̀rẹ́ yín di nọ́ńbà yín. Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó wọn síkì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ yìnyín kí ẹ tó gùn ún. Kí ẹ sì máa bá ẹnìkejì yín padà sílé.